Aṣọ Tí Ọwọ́ Méjì Hun ní Ibodè

Tí mo bá sọ fún ọ̀dọ́ ìwòyí pé iṣẹ́ tiransitẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, ńṣe ló máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Lójú tirẹ̀, tiransitẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin tó ń sáré kiri ibodè pẹ̀lú fáìlì lábẹ́ abíyá, tó ń bẹ àwọn aṣọ́bodè. Mo gbé fáìlì lóòótọ́, mo sì bẹ àwọn kan. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń ṣe é máa ń dúró láàárín ẹlẹ́rù àti ìjọba tí ẹrù náà fẹ́ wọ ilẹ̀ rẹ̀, á sì sọ òtítọ́ nípa ẹrù yẹn: ohun tó jẹ́, ẹni tó ṣe é, ibi tó ti wá, ibi tó ń lọ. Ohun tí mo fi ayé mi ṣe nìyẹn, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀.

Ràmátà, ìyàwó mi, ló máa ń sọ pé kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ronú iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe. Mo máa ń dá a lóhùn pé kò sí àyè. Àyè ti wà báyìí. Ràmátà lọ ní àkókò òjò tó kọjá, ilé sì dákẹ́ débi pé mo lè gbọ́ ohùn bíìkì tí mo fi ń kọ̀wé.

Wagadugu ni wọ́n bí mi sí, ní Dapoya níbí. Ṣakí ni bàbá mi ti wá, aṣọ ló ń tà. Ọmọ ẹ̀yà Móòsì ni ìyá mi. Yorùbá la ń sọ lọ́dọ̀ bàbá, Mooré lọ́dọ̀ ìyá, Faransé nílé ìwé. Mo ka ìwé dé ibi tí agbára bàbá mi gbé e dé. Bí mo ṣe ríṣẹ́ kò gùn rárá: bàbá mi mọ Ọ̀gá Séídù, ó ní kí n wá lọ́jọ́ Ajé, mo sì lọ. Owó oṣù kéré, ó sì ń pọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí owó oṣù gbogbo ayé. Ẹ jẹ́ ká kọjá níbẹ̀.

Ọ̀gá Séídù ló yẹ kí ẹ gbọ́ nípa rẹ̀. Ọmọ Kúdúgù ni, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, bíró rẹ̀ sì jẹ́ yàrá kan péré ní Koulouba, lábẹ́ igi ọ̀gànwó kan tó máa ń da èso rẹ̀ gbàgà sórí páànù. Kì í jágbe mọ́ èèyàn. Faransé ló fi ń bá wa sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tí inú bá bí i, á bọ́ sínú Mooré, ohùn rẹ̀ á sì máa rẹlẹ̀ sí i, títí tí o fi máa ní láti tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa kí o tó gbọ́ bó ṣe ń bá ọ wí.

Òfin kan ló fi lélẹ̀ fún gbogbo ọmọ iṣẹ́: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ orúkọ ẹrù sórí ìwé láìjẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ti kan ẹrù náà. Àwọn ọ̀gá mìíràn jókòó sí bíró wọn, wọ́n ń kọ ohun tí ẹlẹ́rù bá pè é. Ọ̀gá Séídù ò gbà. Tó bá jẹ́ ìrẹsì, kí o bọ ọwọ́ sínú àpò. Tó bá jẹ́ òrí, kí o fi pa ẹ̀yìn ọwọ́, kí o gbóòórùn rẹ̀.

Ní oṣù àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, ó ní kí n ṣe ìwé ẹrù kan tó wà ní ilé ìkẹ́rùsí lẹ́bàá ibùdókọ̀ ojú irin. Oòrùn ti mú, n kò ní alùpùpù. Mo jókòó sí bíró, mo kọ ọ́ látinú ohun tí ẹlẹ́rù sọ. Ọ̀gá gbé ìwé náà sókè.

"Kí lo kọ síbí?"

"Aṣọ ni, Ọ̀gá."

"Aṣọ wo?"

"Aṣọ híhun."

"Ta ló hun ún?"

Mo tún wo ìwé náà, bí ẹni pé orúkọ ẹni náà wà níbẹ̀.

"Ṣé afẹ́fẹ́ ló hun ún ni?"

Àwọn tó kù fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó fa ìwé náà ya pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó kó o sínú àpò ara rẹ̀ kí ó má baà dọ̀tí ilẹ̀, ó wá ń sọ Mooré. Mo mọ̀ pé ó ti tán fún mi. Mo fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ìkẹ́rùsí náà nínú oòrùn yẹn. Mo tú ẹrù, mo fi àtàńpàkò tẹ̀ lé etí aṣọ láti orí dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí mo padà, ojú mi ti pọ́n.

"Ẹ̀rọ ló hun ún, Ọ̀gá. Òkèèrè ló ti wá."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Kò sí ibi tó ti rẹ ọwọ́ tó hun ún."

"Barka," ló sọ, ìyẹn ni pé ó ṣeun, ó sì fún mi ní bébà tuntun. N kò gba oyè kankan lẹ́yìn ìgbà yẹn tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọjà àpapọ̀ àwa àti àwọn aládùúgbò wa fún yín bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún Ràmátà nígbà tí Sàlíù, àkọ́bí wa, ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Tíṣà ni Ràmátà nígbà náà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀ ti wá, ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ẹ̀yà Gúrúnsì, ọwọ́ ìyá yẹn ló sì ti kọ́ aṣọ híhun. Ó bi mí léèrè pé kí ni gbogbo ariwo tí wọ́n ń pa lórí rédíò nípa ọjà àpapọ̀ yìí. Mo na ọwọ́ sí àgbàlá wa. Yàrá àwọn ìdílé yí i ká, kálukú ní ilẹ̀kùn tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo la ń gbà jáde sí títì.

Mo ní, "Ká sọ pé yàrá kọ̀ọ̀kan jẹ́ orílẹ̀-èdè. Àwa nìyí, Tógò nìyẹn, Bẹ̀nẹ̀ ló wà lọ́hùn-ún. Ohun tí o bá sè nínú yàrá tìrẹ tí o gbé fún ará yàrá kejì, kò sẹ́ni tó máa gba owó ibodè lórí rẹ̀, torí inú ilé ló ti wá. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ti títì wọlé, gbogbo wa ti fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí a máa gbà lórí rẹ̀, yàrá yòówù kó máa lọ. Owó kan náà la sì ń ná, a ò ní máa ṣẹ́ owó ká tó ra iyọ̀ lọ́wọ́ ara wa."

Ó ń pọn ọmọ mọ́ra dáadáa, ó ń rò ó. "Ó dára. Tí mo bá lọ ra ìrẹsì sísè ní títì, tí mo bù ú sínú àwo mi, tí mo gbé e fún ará yàrá kejì, ta ló máa mọ̀ pé èmi kọ́ ni mo sè é?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Sàlíù, ìbéèrè tó ń fún mi lóúnjẹ jẹ nìyẹn."

Òótọ́ ni. Gbogbo ọjà àpapọ̀ dúró lórí ìbéèrè yẹn. Kí ni a lè pè ní tiwa? Òfin dá a lóhùn báyìí: ohun tí ilé iṣẹ́ ńlá bá ṣe gbọ́dọ̀ ní ìwé tó fi hàn pé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ṣe é lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó bá hù nínú ilẹ̀ wa, ẹran tí a sìn, àti ohun tí oníṣẹ́ ọwọ́ bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ìyẹn ò nílò irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ó kàn máa kọjá ni. Mo fẹ́ràn apá òfin yẹn gan-an. Àwọn tó kọ ọ́ jókòó nínú ilé tí afẹ́fẹ́ tútù ti ń fẹ́, síbẹ̀ wọ́n rántí obìnrin tó ń mọ ìkòkò.

Ohun mìíràn tó máa ń yà mí lẹ́nu ni èdìdì. Ilẹ̀ wa kò kan òkun. Ọkọ̀ akẹ́rù tó bá gbé ẹrù wa láti èbúté Lomé, aṣọ́bodè ibẹ̀ á fi wáyà tín-ín-rín àti òjé so ilẹ̀kùn rẹ̀. Láti ibẹ̀ títí dé Wagadugu, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ já a. Nígbà tí mo ṣì kéré nínú iṣẹ́, mo máa ń lọ dúró ti ọkọ̀ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kí n lè rí wáyà yẹn. Eruku ti bo ọkọ̀, awakọ̀ ò lè na ẹ̀yìn mọ́, ẹrù inú rẹ̀ tó nǹkan tí èèyàn lè jí, wáyà tí ọmọdé lè fi ẹ̀mú gé ló sì ṣọ́ ọ délé. Ọkùnrin kan tí n kò rí rí so ó ní etí òkun, ọkùnrin mìíràn tí kò mọ̀ ọ́n gbà á gbọ́. N kò sọ pé kò sí jìbìtì. Ó wà, ìdádúró sì wà lójú ọ̀nà tí kò nídìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí bí wáyà yẹn ṣe ń dé láìjá, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, á bọ̀wọ̀ fún un.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé onílẹ́tà la fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú bébà dúdú láàárín ìwé, tó fi jẹ́ pé tí o bá ṣì lẹ́tà kan, gbogbo ẹ̀dà ìwé yẹn ló ti bàjẹ́. Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà dé. Ọ̀gá Séídù kò fọwọ́ kàn án títí ó fi kú, ṣùgbọ́n ó máa ń dúró lẹ́yìn mi, á ní, "Ó yára. Ṣé ó ti lọ tú ẹrù wò?" Ìgbà tí ó kú, èmi ni mo gba bíró náà. N kò yí òfin rẹ̀ padà.

Ní báyìí ẹ jẹ́ ká dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Ràmátà fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ dàgbà, ó gbé òfì onírin sí àgbàlá wa, ó sì kó àwọn obìnrin àdúgbò jọ. Dan-fani ni wọ́n ń hun, aṣọ òwú ilẹ̀ wa níbí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ọkọ mọ́. Wọ́n ń tà á díẹ̀díẹ̀ fún àwọn ará Wágà, títí ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ obìnrin kan ní Lomé fi ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ aṣọ fún ọjọ́ àjọyọ̀ wọn. Àkọ́kọ́ nìyẹn tí iṣẹ́ wọn máa sọdá ibodè. Gbogbo òwú tí wọ́n ní ni wọ́n kó sí i. Áwà, ẹni tó fẹ́ràn àwàdà jù nínú wọn, sọ ọ́ bó ṣe rí: "Tí èyí bá bàjẹ́, ẹ máa bá mi ní kọ̀rọ̀ títì, mò ń ta omi inú ọ̀rá."

Nítorí pé ẹrù ilé mi ni, mo sọ pé èmi fúnra mi máa tẹ̀ lé e. Ràmátà ní òun náà ń lọ. Nígbà tí mo dé àgbàlá lọ́jọ́ tí wọ́n ń dì í, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń lọ aṣọ náà. Wọ́n ti gé òwú tó máa ń gùn jáde ní ìpẹ̀kun aṣọ. Wọ́n ti ká etí rẹ̀ wọlé, wọ́n fi ẹ̀rọ ìránṣọ ran án. Wọ́n wá ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá tó ń dán, wọ́n lẹ bébà aláwọ̀ wúrà mọ́ ọn.

"Kí lèyí?" mo bi Ràmátà.

"Bàbá Sàlíù, Lomé là ń lọ. Ṣé ká gbé e lọ bí ẹni pé inú oko ló ti wá?"

Ó rẹwà lójú mi. Èmi náà rò pé ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń fún iṣẹ́ wọn.

Ìlú kan wà ní ojú ọ̀nà Lomé, lẹ́yìn tí èèyàn bá ti kúrò ní Burkina. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dá wa dúró. Ọ̀gá aṣọ́bodè tó wà níbẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́, bàtà rẹ̀ mọ́, ó sì ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú sùúrù. Ó fa aṣọ kan yọ nínú ọ̀rá, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì.

"Tantí, ìyá mi, ta ló hun èyí?"

Ràmátà ní, "Àwa ni."

"Ẹ̀yin wo?"

"Èmi àtàwọn obìnrin àgbàlá wa ní Wágà."

Ó yí aṣọ náà padà, ó tún un yí. "Ó ti dára jù."

Ràmátà wò mí, ó wá wo ọkùnrin náà. "Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn?"

Awakọ̀ wa bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ọ̀gá náà kò rẹ́rìn-ín. Mo bọ́ síwájú, mo sọ fún un pé mo mọ òfin, pé iṣẹ́ ọwọ́ kì í san owó ibodè láàárín wa.

"Tọ́ntọ̀n, bàbá mi, èmi náà mọ òfin. N kò bá òfin jà. Aṣọ yìí ni mò ń bi léèrè ọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ ló ran etí rẹ̀. Mo rí ọ̀rá, mo rí bébà. Gbogbo ohun tí ojú mi rí ń sọ pé ilé iṣẹ́ kan lókè òkun ló ti wá. Ẹnu yín nìkan ló ń sọ pé ọwọ́ ni. Tí mo bá gba ọ̀rọ̀ ẹnu lónìí, tí ẹnì kan bá gbé aṣọ ẹ̀rọ dé lọ́la tó ní ìyá òun ló hun ún, kí ni mo fẹ́ sọ fún un?"

Ohun tí mo máa sọ gan-an ni ó sọ, ká ní èmi ni mo wọ aṣọ rẹ̀. Tí gbogbo aṣọ́bodè bá ń gba ọ̀rọ̀ ẹnu, kò ní sí ọjà àpapọ̀ mọ́. Ìrẹsì títì ni gbogbo wa á máa bù sínú àwo ara wa. Ṣùgbọ́n tó bá kọ ọ́ sílẹ̀ bí aṣọ òkèèrè, ohun tí wọ́n máa bù lé e máa jẹ́ kó wọ́n ju ohun tí àwọn olùkọ́ yẹn lè rà. Àjọyọ̀ wọn sì ti sún mọ́. Aṣọ á padà sí Dapoya, àwọn obìnrin á túká.

Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo sọ̀rọ̀ gígùn ní Faransé tó dán. Ràmátà fọwọ́ kàn mí lápá.

"Bàbá Sàlíù, ẹ dúró ná." Ó kọjú sí ọ̀gá náà. "Ọmọ mi, kí ni ìwọ fẹ́ rí?"

Ọkùnrin náà ronú. "Tantí, ká ní mo rí ọwọ́ tó hun ún, mo máa fọwọ́ sí i."

"D'accord, mo gbà," ni Ràmátà sọ. "Òfì wà nílùú yìí?"

Ó wà. Lẹ́yìn gáréèjì àwọn akẹ́rù, a gbọ́ ìró rẹ̀ kí a tó rí i. Obìnrin kan tó sanra, tó di gèlè pupa, ló jókòó tì í, tó ń hun aṣọ aláwọ̀ ewé onílà funfun. Azárà lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Bísà ni. Ó yẹ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí ẹ kò dàgbà síbí pé àwọn ẹ̀yà kan wà ní ilẹ̀ yìí tí àwàdà wà láàárín wọn láti ayébáyé. Bísà àti Gúrúnsì jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè bú ara wọn láàárọ̀, wọ́n lè pe ara wọn ní ẹrú, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ bínú, wọn kò sì gbọdọ̀ kọ̀ fún ara wọn nígbà ìṣòro. Gúrúnsì sì ni ìyá Ràmátà.

Ó kí i ní Mooré, ó sọ ẹ̀yà ìyá rẹ̀, ó ní òun fẹ́ yá òfì lò.

Azárà kò gbójú sókè. "Gúrúnsì! Ta ló fún ẹrú mi láàyè láti sọdá ibodè?"

"Ẹ̀yin ajẹ̀pà yìí, ẹ̀pà ti dí yín létí. Dìde níbẹ̀, kí n fi bí wọ́n ṣe ń hunṣọ hàn ọ́."

"Kí o fi hàn mí? O ò mọ̀ ju ká se ajá lọ."

Ẹ̀rín gba gbogbo ibẹ̀. Ọ̀gá aṣọ́bodè, tó ti tẹ̀ lé wa wá pẹ̀lú àwọn aṣọ mélòó kan lápá, rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. Azárà dìde. Kò tú aṣọ tirẹ̀ kúrò lórí òfì. Ó kàn ní kí ẹrú òun máa bá a lọ níbi tí òun dé.

Kí Ràmátà tó jókòó, ọ̀gá náà na aṣọ kan tí ó mú fúnra rẹ̀ sí i. Ràmátà fi àtàńpàkò kọjá lára rẹ̀. "Ti Áwà. Ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́, òwú rẹ̀ máa ń ṣí sílẹ̀ báyìí." Ọ̀gá na òmíràn. "Èyí jẹ́ ti aládùúgbò rẹ̀. Ó máa ń kánjú tó bá kù díẹ̀ kó parí, ẹ wo bí ìlà rẹ̀ ṣe ń fẹ̀ sí i." Òmíràn. "Tèmi nìyí. Tí mo bá pààrọ̀ àwọ̀, mo máa ń lù ú kíkankíkan kí n tó tẹ̀síwájú. Ìyá mi bá mi wí títí lórí rẹ̀, kò kúrò."

Ó bọ́ bàtà, ó gbé ẹsẹ̀ lé ìtẹsẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kọ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Azárà ń sọ pé àwọn ará Wágà ń hunṣọ bí ẹni tí olè ń lé. Nígbà tó dé ibi tí àwọ̀ yí padà, Ràmátà lu òwú náà kíkankíkan, láìronú, bó ṣe ń ṣe nílé láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n.

Ọ̀gá aṣọ́bodè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó di ojú. Ó fi àtàńpàkò kan sára aṣọ tó wà lórí òfì, ó fi èkejì sára aṣọ tí Ràmátà pè ní tirẹ̀. Mo rántí Ọ̀gá Séídù, mo rántí ilé ìkẹ́rùsí yẹn nínú oòrùn. Ọ̀nà tí wọ́n fi kọ́ mi niṣẹ́ ni ọmọdé yìí ń tọ̀, níwájú mi, lórí iṣẹ́ ọwọ́ ìyàwó mi. Ó ti ibi tí Ràmátà hun lọ sí ibi tí Azárà ti hun tẹ́lẹ̀, ó tún padà.

"Ibí ni ọwọ́ ti yí padà," ló sọ.

"Ibẹ̀ ni," Azárà dáhùn. "Ibẹ̀ ni aṣọ mi ti bàjẹ́."

Ọkùnrin náà la ojú. "Ẹ̀rọ kì í lórúkọ," ló wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó fọwọ́ sí ìwé wa lórí itan rẹ̀ níbẹ̀, kò tiẹ̀ padà sí bíró. Ó wá ní, "Tantí, ẹ jọ̀ọ́, nígbà mìíràn, ẹ má bo ọwọ́ yín mọ́lẹ̀."

Aṣọ dé Lomé. Àwọn olùkọ́ wọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ náà, àwọn obìnrin Dapoya kì í gé òwú ìpẹ̀kun aṣọ wọn mọ́, wọn kì í fi sínú ọ̀rá, títí di òní. Ẹ lọ wò ó. Wọ́n gba àwọn mìíràn mọ́ra, òfì ti pọ̀ sí i. Áwà kò ta omi rárá.

Mo ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i. Wáyà àti òjé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun àtijọ́. Èdìdì ìsinsìnyí ní ẹ̀rọ nínú, èèyàn lè jókòó sí ọ́fíìsì ní àdúgbò Ouaga 2000 ní Wágà kó máa rí ibi tí ọkọ̀ dé lórí kọ̀ǹpútà. Ní àwọn ibodè kan, aṣọ́bodè ìlú méjì ń jókòó sínú ilé kan náà, ọkọ̀ á dúró lẹ́ẹ̀kan dípò kó dúró lẹ́ẹ̀mejì. Láìpẹ́ yìí orílẹ̀-èdè wa jáde kúrò nínú àjọ ńlá tó kó gbogbo apá ibí jọ, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń bi mí bóyá ó ti parí. Mo ń sọ fún wọn pé àjọ kékeré ti àwa tí à ń ná owó kan náà ṣì dúró, àgbàlá ṣì wà. Bó ṣe máa rí lọ́la, n kò mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá mú iṣẹ́ yìí ni ẹ máa rí i. Tí ẹ bá mú un, ẹ fi ọwọ́ kan ẹrù.

Àìsàn Ràmátà kò pẹ́. N kò ní kọ nípa rẹ̀ níbí.

Lẹ́yìn tí a sin ín, ilé kún. Ọjọ́ kẹjọ ni a ṣe àdúrà. Mo jókòó láàárín àwọn ọkùnrin, mò ń dáhùn gbogbo ẹni tó ń kí mi, mo sì ń ṣe bí ẹni tí ara rẹ̀ le. Ohùn kan ta láti ẹnu ọ̀nà àgbàlá.

"Ẹrú mi dà? Ta ló fún un láàyè láti kúrò nílé láìgba àṣẹ lọ́wọ́ mi?"

Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n fò dìde láti lé e jáde. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Azárà ni, ó ti darúgbó, gèlè pupa ṣì wà lórí rẹ̀. Ó wọ bọ́ọ̀sì láti ibodè wá. Ó ń bú Ràmátà láti ẹnu ọ̀nà títí dé iwájú mi, pé Gúrúnsì ni, alágídí ni, ó kàn sá lọ nítorí kò fẹ́ san àṣìṣe tó ṣe sí aṣọ òun. Àwọn obìnrin àgbàlá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọ́n ń sunkún, lẹ́yìn náà èmi náà.

Ó tú ẹrù rẹ̀. Aṣọ aláwọ̀ ewé yẹn ni. Ó parí rẹ̀ lẹ́yìn tí a lọ, kò sì tà á. Ó tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀ mi. Mo fi àtàńpàkò tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀: ọwọ́ Azárà, ọwọ́ Azárà, lẹ́yìn náà ìlà tó le, tí wọ́n lù kíkankíkan níbi tí àwọ̀ ti yí. Àtàńpàkò mi kò kúrò níbẹ̀.

Iṣẹ́ mi ló sọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Mo bi í léèrè bóyá wọ́n dá a dúró ní ibodè.

"Wọ́n dá mi dúró. Aṣọ́bodè kan tú u wò, ó ní ta ló hun ún."

"Kí lẹ sọ fún un?"

Azárà wò mí bí ẹni tí ó yẹ kó ti mọ̀. "Mo ní àwa ni."